Iṣẹ́ abẹ kókó abẹ́ itan nítorí jẹjẹrẹ awọ ara: kí la lè ṣe kí ojú ọgbẹ́ má baà dà wá láàmú?

Ọmọ Àkúrẹ́ (olùbéèrè)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi níbí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ ìyá wa ni mo gbé wá. Ní ọdún tó kọjá, wọ́n gé ohun dúdú kan kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, lẹ́bàá gìgísẹ̀, èyí tí gbogbo wa ti ń pè ní egbò bàtà tipẹ́tipẹ́, àyẹ̀wò sì fi hàn pé jẹjẹrẹ awọ ara tí wọ́n ń pè ní mẹlanómà ni. Àtẹ́lẹsẹ̀ náà jinná dáadáa. Ní báyìí, kókó kan ti yọ sí wọn ní abẹ́ itan ẹsẹ̀ yẹn kan náà. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ níbẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé àrùn náà ti dé ibẹ̀, àwọn dókítà sì sọ pé àwọn yóò kó gbogbo kókó tó ń sẹ́ omi ara ní ojú abẹ́ itan náà kúrò.

Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n dá ọjọ́ sí. Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń já mi láyà bí kò ṣe ohun tó ń tẹ̀ lé e. Ní wọ́ọ̀dù tí a ti lọ ṣe àyẹ̀wò, a bá bàbá kan tí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ fún, tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ tún ṣí padà, tí omi sì ń jáde níbẹ̀ láìdábọ̀. Ìyá wa ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì sanra díẹ̀. Wọn kì í mu sìgá, ṣùgbọ́n wọ́n a máa fín aṣáà.

Ẹnu wa kò kò nínú ẹbí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kí ọgbẹ́ lè jinná. Àbúrò ìyá wa ti ń wá ewé tí wọn yóò fi máa fọ ojú rẹ̀. Èmi tí mo wà láàárín wọn kò mọ èyí tí ǹ bá gbè lẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, yálà iṣẹ́ yín ni tàbí ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí, kí ló yẹ kí a ṣe kí ọjọ́ náà tó pé, kí la ó sì máa ṣọ́ lẹ́yìn rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Leeds

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o, Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà. Nọ́ọ̀sì ni mí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ awọ ara, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ àti rọ́bà tó ń fa omi jáde nínú rẹ̀ ni n ó mú. Ẹ jẹ́ kí àwọn dókítà wá sọ tiwọn.

Ó yẹ kí gbogbo ẹbí kọ́kọ́ mọ̀ pé ojú abẹ́ itan wà lára ibi tí ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ ti máa ń ṣòro jinná jù lọ. Gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá jókòó ni awọ ibẹ̀ ń ká pọ̀, òógùn kì í gbẹ níbẹ̀, ó sì sún mọ́ ojú ara àti ihò ìdí tí kòkòrò pọ̀ sí. Nígbà tí wọ́n bá wá kó àwọn kókó náà kúrò, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé inú awọ tí wọ́n ṣí sókè kò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àwọn òpó tín-ín-rín tó ń gbé omi ara wá sínú kókó ti di gígé, omi tó sì ń tẹ̀síwájú láti wá láti ẹsẹ̀ kò ní ibòmíràn tí yóò gbà ju inú àlàfo tó kù lábẹ́ awọ lọ. Èyí ló mú kí ọgbẹ́ bàbá tí ẹ rí lè rí bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe àṣìṣe kankan. Nínú ìròyìn àwọn oníṣẹ́ abẹ mìíràn, àwọn tí ọgbẹ́ abẹ́ itan ń yọ lẹ́nu lọ́nà kan tàbí òmíràn lè tó ìdajì àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Ti abíyá àti ti ọrùn kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Wọn yóò fi rọ́bà tín-ín-rín kan tàbí méjì sílẹ̀ nínú ọgbẹ́ náà, ike rọ̀bọ̀tọ̀ kan tó ṣeé fún pọ̀ yóò sì wà lẹ́nu rẹ̀. Fífún tí a fún ike yẹn pọ̀ ló ń fa omi jáde, tí ike bá ti wú, kò fa nǹkan kan mọ́. Bí a ṣe ń kọ́ àwọn ará ilé nìyí. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ ṣí ìdérí ike náà, ẹ da omi inú rẹ̀ sínú ife tí wọ́n fa ìlà ìwọ̀n sí lára, ẹ ka iye rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé kan pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí àti àwọ̀ omi náà. Ẹ fi sípíríìtì nu ẹnu ike. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un pọ̀ pẹ̀ẹ́ títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi tán, kí ẹ sì dé e nígbà tí ẹ ṣì fún un mọ́wọ́. Ẹni tó bá tú ọwọ́ kó tó dé e ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi píìnì mú un mọ́ aṣọ ní ìsàlẹ̀ ọgbẹ́, kí ìwọ̀n rẹ̀ má baà máa fa rọ́bà.

Omi náà lè pupa ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì, lẹ́yìn náà yóò máa mọ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ní àwọ̀ ìyeyè. Bí ó bá ṣàdéédéé pupa ròrò tó sì ń kún kíákíá, tàbí tó nípọn bí ọyún tó sì ń rùn, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Bí rọ́bà bá sì dákẹ́ lójijì tí abẹ́ itan ń wú, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ dídì ti dí i.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kì í yọ rọ́bà náà àfi tí omi tó ń jáde bá wálẹ̀ sí 30 tàbí 50 mílílítà láàárín wákàtí 24, fún ọjọ́ méjì léra. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá tètè yọ ọ́ jù, omi á gbá jọ sínú. Bí a bá fi í sílẹ̀ pẹ́ jù, òun gan-an á di ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà wọlé. Ìwé tí ẹ ń kọ iye omi sí ni dókítà yóò fi mọ ọjọ́ tó yẹ, torí náà ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Aṣọ náà ṣe pàtàkì, a kì í sì í sábà sọ ọ́ fún àwọn ìyá wa. Kí wọ́n má ta kókó ìró sí ibi tí yóò ti máa tẹ ojú ọgbẹ́, kí wọ́n má sì wọ pátá tí rọ́bà ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ há. Gáùn tó fẹ̀ ni ó dára. Ẹ gbé àpótí kékeré tí wọ́n fi ń jókòó nídìí àdògán kúrò nílẹ̀. Bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín bá jẹ́ èyí tí a ń lóṣòó sí, ẹ wá àga ìgbọ̀nsẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá ń kírun, kí wọ́n máa kí i lórí àga fún ìgbà díẹ̀, torí ìforíkanlẹ̀ a máa ká ojú abẹ́ itan pọ̀ gidigidi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkúnlẹ̀ àdúrà.

Àfín Ògbómọ̀ṣọ́

Mo kí olùbéèrè, mo sì kí Nọ́ọ̀sì. Àfín ni mí. Láti ara etí ni jẹjẹrẹ awọ ara tèmi ti bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí oòrùn máa ń fà fún àwa àfín, kì í ṣe mẹlanómà, ṣùgbọ́n wọ́n kó kókó ọrùn mi náà. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ewé ni mo fẹ́ dá sí, kí àbúrò ìyá yín má baà bínú sí yín.

Ìfẹ́ ló ń mú wọn wá ewé, ẹ má sì ko wọ́n lójú. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tí wọ́n fi òwú rán pa kì í ṣe egbò oko. Ewé tí a gún, àdín, oyin tí a kò mọ ibi tó ti wá, oògùn ìpara gbígbóná, ẹ̀tù, gbogbo ohun tí a bá fi lé e lórí ń bọ́ sójú ìrán náà ni, ó sì ń bo ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé nọ́ọ̀sì kò ní lè mọ̀ bóyá pípọ́n tí ó pọ́n jẹ́ ti àrùn tàbí ti oògùn. Sípíríìtì náà kò dára lójú ọgbẹ́. Ẹnu ike rọ́bà nìkan ni Nọ́ọ̀sì ní kí ẹ fi nù. Àgbo mímu ńkọ́? Ẹ sọ fún dókítà kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, ẹ má fi pamọ́, torí òmíràn nínú wọn lè mú ẹ̀jẹ̀ ya ju bó ṣe yẹ lọ, òmíràn sì lè bá oògùn ṣúgà jà.

Iṣẹ́ tí ó yẹ kí ẹ gbé fún àbúrò ìyá yín ni oúnjẹ. Ara tó ń dí ojú ọgbẹ́ ń fẹ́ amúaradàgbà púpọ̀: ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, wàrà. Èmi fúnra mi rí i pé àwọn tó ń bẹ̀ mí wò a máa gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àmàlà wá, ẹran inú ọbẹ̀ ibẹ̀ kò sì tó nǹkan. Fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, èyí burú ní ọ̀nà méjì.

Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa lo oògùn ìrora bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún wọn. Àwọn àgbà wa gbà pé akin ni ẹni tó ń fara dà á, ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan ń dùn kò ní dìde rìn, kò sì ní mí kanlẹ̀.

Aláabẹ

Dókítà oníṣẹ́ abẹ ni mí, Nàìjíríà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ṣáájú mi ti sọ̀rọ̀ débi pé ìgbà tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ló kù fún mi, ibẹ̀ sì ni agbára ẹbí pọ̀ sí jù, bí a kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ lò ó.

Ṣúgà ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ, láti ọ̀la, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá gbà wọ́n sí wọ́ọ̀dù. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò HbA1c, èyí tó ń fi hàn bí ṣúgà wọn ti ń ṣe láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Bí iye rẹ̀ bá ju 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ọ̀pọ̀ wa ni yóò fẹ́ kí dókítà àtọ̀gbẹ tún oògùn wọn tò kíákíá, nítorí pé iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ kò ṣeé sún síwájú lọ títí. Ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ àti àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, láàárín 108 sí 180 mg/dL ni a máa ń fẹ́ kí ṣúgà wà. Bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀, ọwọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti kòkòrò á rọ, ojú ọgbẹ́ á sì máa lọ́ra.

Aṣáà náà ní láti dúró. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé fún àwọn tó ń mu sìgá ni pé kí wọ́n jáwọ́ ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé. Kò sí èéfín nínú aṣáà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nikotíìnì tó ń fún òpójẹ̀ pọ̀ wà nínú rẹ̀, awọ abẹ́ itan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dínkù kò sì nílò èyí rárá. Ní ti sísanra, lóòótọ́ ni ó ń mú kí ìṣòro ọgbẹ́ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n oṣù kan kò tó, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbààwẹ̀ torí rẹ̀.

Ẹ yẹ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn wò. Bí ibẹ̀ bá ń bó, tó ń rin, tó ń yún wọn, ẹ tọ́jú rẹ̀ nísinsìnyí. Omi ara láti ibẹ̀ ń gba abẹ́ itan kọjá, ojú tó ya díẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì lè di ọ̀nà àrùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kí wọ́n fi ọṣẹ wẹ̀ ní alẹ́ àti ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ fá irun ibẹ̀ nílé. Bí ó bá pọn dandan, ilé ìwòsàn yóò fi ẹ̀rọ gé e mọ́lẹ̀, torí abẹ a máa fi ojú kéékèèké tí a kò lè fojú rí sílẹ̀.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin, nígbà kan rí àwọn dókítà náà a máa ní kí aláìsàn bẹ́ẹ̀ dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. A ti kúrò níbẹ̀. Jẹjẹrẹ, iṣẹ́ abẹ abẹ́ itan àti ìdùbúlẹ̀ lápapọ̀ ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì náà sì lè gòkè lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kí wọ́n dìde ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú yàrá, kí wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ náà sórí ìrọ̀rí nígbà tí wọ́n bá ń sinmi. Ẹ béèrè bóyá wọn yóò gba abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti iye ọjọ́ tí wọn yóò fi gbà á.

Mo tún fẹ́ kí ẹ bi dókítà yín ní ìbéèrè kan: ṣé dandan ni kí a kó gbogbo kókó náà? Ní 2017, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní MSLT-II, tí àwọn ènìyàn tó ju 1,900 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé fún àwọn tí a kàn rí àrùn díẹ̀ nínú kókó àkọ́kọ́ tí omi ara ń dé, kíkó ìyókù kúrò kò dín iye àwọn tí mẹlanómà ń pa kù, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ tàbí apá wíwú dé bá 24.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n kó o fún, nígbà tó jẹ́ 6.3 péré ní ti àwọn tí wọ́n kàn ń ṣọ́. Ọgbẹ́ tí a kò dá ni ọgbẹ́ tí kì í ní ìṣòro. Ṣùgbọ́n kókó ti ìyá yín ti yọ síta tí a lè fọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀, kíkó o ṣì ni ìtọ́jú tí gbogbo wa mọ̀. Láti 2024 tí èsì ìwádìí NADINA ti jáde, àwọn orílẹ̀-èdè tí owó rẹ̀ ká ti ń fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní oògùn tó ń ta agbára àjẹsára jí ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Owó rẹ̀ wọ́n ju ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí níbí lè san lọ, mẹlanómà àtẹ́lẹsẹ̀ kì í sì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu tó ti awọ tí oòrùn bà jẹ́. Síbẹ̀, ẹ béèrè.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin dókítà, ẹ má bínú pé mo dá sí i. Nígbà tí wọ́n ṣe ti ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ìgbà tí rọ́bà fi wà lára rẹ̀ ló ń lo oògùn apakòkòrò, a sì máa ń ra á fúnra wa nígbà tó bá tán. Kò sí nǹkan tó ṣe ọgbẹ́ rẹ̀. Ṣé kò yẹ kí ìyá wọn náà ṣe bẹ́ẹ̀?

Aláabẹ

Rárá o. Inú mi dùn pé ara ọkọ ẹ̀gbọ́n yín yá, ṣùgbọ́n ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2016 sọ ọ́ kedere pé kí a fún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò láàárín wákàtí méjì kí a tó la awọ, kí a má sì máa bá a lọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nítorí pé rọ́bà wà nínú ọgbẹ́. Bí a bá ń lò ó lọ bẹ́ẹ̀, kòkòrò tí kò gbọ́ oògùn ni yóò kù, nígbà tí àrùn bá wá wọ ọgbẹ́ ní tòótọ́, oògùn tó rọrùn kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Bí àrùn bá wọ̀ ọ́, a ó mú díẹ̀ nínú ọyún náà lọ fún àyẹ̀wò, a ó sì yan oògùn tó bá a mu.

Ọmọ Àkúrẹ́ (olùbéèrè)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ọlọ́run á san yín lóore. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, ó sì ti gbà. Ó ku ìbéèrè méjì. Bí wọ́n bá yọ rọ́bà tán tí omi tún gbá jọ, ṣé ìṣòro ńlá ni? Ẹsẹ̀ wíwú yìí ńkọ́, ṣé ó ṣeé dènà?

Nọ́ọ̀sì Leeds

Omi tó tún gbá jọ wọ́pọ̀. Ẹ ó rí i pé ibẹ̀ ga sókè, ó rọ̀, bí ẹ bá sì fọwọ́ kàn án, á máa mì. Bí kò bá tóbi, tí kò dùn wọ́n, tí kò sì pọ́n, a máa ń fi í sílẹ̀ kí ara fa á mu ni, torí gbogbo ìgbà tí a bá fi abẹ́rẹ́ gún un la ń ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò. Bí ó bá ń fa awọ tó ń dán, tàbí tí kò jẹ́ kí wọ́n rìn, ilé ìwòsàn yóò fà á jáde pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó mọ́ tónítóní. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì.

Àwọn nǹkan tí kì í dúró di ilẹ̀ mọ́ nìwọ̀nyí: ibà pẹ̀lú òtútù, pípọ́n tó ń ràn kiri ojú awọ (awọ dúdú a máa pọ́n ní ìpamọ́, nítorí náà ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yẹ bí ibẹ̀ ṣe gbóná sí wò, kí ẹ sì fi wé ẹsẹ̀ kejì), etí ọgbẹ́ tó ń dúdú tó ń kú, ojú ìrán tó ń ya, ọ̀pọ̀lọ́ ẹsẹ̀ tó le tó sì ń dùn, àti èémí tó ṣàdéédéé kúrú. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń ṣàn láìdáwọ́dúró, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi, ẹ máa gbé wọn lọ nígbà tí ẹ ṣì ń tẹ̀ ẹ́.

Ní ti ẹsẹ̀ wíwú, kò sí ẹni tó lè ṣèlérí pé kò ní wáyé, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún. Ohun tó ń dín in kù ni kí wọ́n máa rìn déédéé, kí wọ́n máa fi ìpara lásán pa awọ ẹsẹ̀ kí ó má sán, kí wọ́n má rìn láìwọ bàtà kódà nínú ọgbà ilé, kí ẹ sì tètè tọ́jú ojú ọgbẹ́ yòówù tó bá dé bá ẹsẹ̀ náà. Àrùn inú awọ kan péré tí a fi falẹ̀ lè ba àwọn òpó omi ara tó kù jẹ́. Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ náà ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ra èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà láìwọn ẹsẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí ẹ̀jẹ̀ lè má dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, ẹ fi téèpù wọn ẹsẹ̀ méjèèjì ní òwúrọ̀ kí wọ́n tó máa rìn kiri: ní ọrùn ẹsẹ̀, ní ọ̀pọ̀lọ́ ẹsẹ̀, àti ní itan, kí ẹ sì kọ ọ́ sí iwájú ìwé kan náà tí ẹ ó máa kọ iye omi rọ́bà sí. Bí wíwú bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, téèpù yóò mọ̀ ọ́n kí ojú tó mọ̀ ọ́n.